Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí aláàbọ̀ ara lè lò ní Ilé-Ifẹ̀: ohun tí òfin wí àti ohun tó kù sọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́lé

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ni Muhammadu Buhari, ẹni tó jẹ́ Ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, fọwọ́ sí òfin tó ka fífi ojú ẹni ẹ̀yìn wo àwọn aláàbọ̀ ara sí ẹ̀ṣẹ̀. Òfin náà fún àwọn tó ni ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti tún un ṣe, kí ẹni tí ẹsẹ̀, ojú tàbí etí rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa lè máa lò ó bí àwọn yòókù ṣe ń lò ó. Ọdún márùn-ún yẹn pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àwáwí pé àsìkò kò tíì tó sì ti tán láti ìgbà náà.

Àtẹ̀gùn ni àwọn ènìyàn sábà máa ń mẹ́nu bà bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde ní Ilé-Ifẹ̀: àtẹ̀gùn báńkì, àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́, àtẹ̀gùn ilé ẹ̀kọ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kì í sábà wọ ìpàdé, nítorí pé ojú máa ń ti oníkálùkù láti jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó bá rí ọ̀nà wọ ọjà Odò-Ògbè tàbí gáréèjì, tí kò sì rí ibi tí yóò gbọnsẹ̀ sí, kò lè pẹ́ níbẹ̀ ju wákàtí mélòó kan lọ. Kò lè ṣòwò níbẹ̀, kò sì lè gba iṣẹ́ níbẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ máa ń ṣe ni pé, bí wọ́n bá mọ̀ pé àwọn yóò jáde lọ́la, wọn kò ní mu omi láti alẹ́ òní. Àwọn dókítà mọ ibi tí èyí ń yọrí sí: àkóràn ojú ara àti ilé ìtọ̀, àti òkúta inú kíndìnrín. Ti ẹni tí ìjàǹbá ọkọ̀ ba iṣan inú egungun ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn kì í mọ̀ ìgbà tí ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n. Róbà ni wọ́n fi ń fa ìtọ̀ jáde, ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà síra wọn. Ẹni bẹ́ẹ̀ nílò omi tí yóò fi fọ ọwọ́, ibi mímọ́ tí yóò gbé róbà lé, ìmọ́lẹ̀ tí yóò fi ríran, àti ìlẹ̀kùn tó ṣe é tì. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àkóràn ló kù.

Wọn kì í sì í ṣe ènìyàn díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́fà lágbàáyé ló ní àìpé ara tó ń dí i lọ́wọ́. Wọ́n fún Áfíríkà ní ìwé ẹ̀rí ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 pé àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ (polio), irú èyí tí kì í ṣe ara àjẹsára ló ti jáde, ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó mú lọ́mọdé ṣáájú ìgbà náà ṣì wà láàárín wa, tí wọ́n ti di bàbá àti ìyá ọlọ́mọ. Ẹ fi àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù kún un, tí wọ́n ń wá gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ńlá Ifẹ̀ tàbí ní Wesley Guild ní Iléṣà, kí ẹ sì fi àwọn àgbàlagbà tí làkúrègbé kò jẹ́ kí wọ́n lè lóṣòó mọ́ kún un pẹ̀lú.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ṣe é lò fún gbogbo ènìyàn kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n gbé àwo ìgbọ̀nsẹ̀ sí. Láti etí títì ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Gọ́tà ló wà láàárín títì àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé nílùú wa, pákó kan tàbí méjì ni wọ́n sì tẹ́ lé e lórí. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn yóò kọjá lórí rẹ̀ láì ronú, ṣùgbọ́n táyà kékeré iwájú kẹ̀kẹ́ arọ yóò há sáàárín pákó méjèèjì. Lẹ́yìn gọ́tà ni òkúta wẹ́wẹ́ tàbí yanrìn, lẹ́yìn yanrìn ni àtẹ̀gùn.

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò fún ìdagẹ̀rẹ́ ni pé, fún sẹ̀ǹtímítà 1 tí ilẹ̀ bá fi ga, ìdagẹ̀rẹ́ náà gbọ́dọ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12, ó kéré tán. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ sórí ilé kan. Àtẹ̀gùn mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45. Ìdagẹ̀rẹ́ tí yóò dípò wọn gbọ́dọ̀ gùn tó mítà 5.4. Ohun tí bíríkìlà sábà máa ń ṣe, bí wọ́n bá ní kó wá ṣe ti aláàbọ̀ ara sí i lẹ́yìn tí ilé ti parí, ni pé kó da kọnkéré tí kò gùn ju mítà kan ààbọ̀ lọ lé orí àtẹ̀gùn náà. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí táyà kò lè gun irú rẹ̀, bó bá sì fi ipá gùn ún, kẹ̀kẹ́ lè dojú dé sẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀. Àfi kí ọkùnrin méjì wá tì í, ẹni tó bá sì ní láti pe ọkùnrin méjì kó tó lè lọ tọ̀, ilé lòun náà yóò jókòó sí. Nínú èrò tèmi, irú ìdagẹ̀rẹ́ yìí burú ju kí wọ́n má ṣe rárá lọ, nítorí pé ó ń fún ẹni tó ni ilé ní ohun tí yóò máa nawọ́ sí pé òun ti ṣe tòun.

Lẹ́yìn èyí ló kan ìlẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ bàtà ni àwọn káfíńtà wa ṣì fi ń wọn ìlẹ̀kùn, ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀, nígbà mìíràn méjì péré. Ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 76, ṣùgbọ́n bí a bá yọ férémù àti bí ìlẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ṣe nípọn tó kúrò, àyè tó kù kò ní ju bíi 70 lọ. Kẹ̀kẹ́ arọ tí àgbàlagbà ń lò sábà máa ń fẹ̀ láàárín sẹ̀ǹtímítà 60 sí 70, ọwọ́ ẹni tó ń yí i sì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ìlànà tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà béèrè àyè sẹ̀ǹtímítà 81.5, ó kéré tán, lẹ́yìn tí ìlẹ̀kùn bá ti ṣí tán. Ìlẹ̀kùn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ni yóò fún wa ní èyí. Nígbà tí wọ́n ń to búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́, ìyàtọ̀ owó tó wà láàárín ìlẹ̀kùn ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀ àti mẹ́ta kò tó nǹkan. Lẹ́yìn tí wọ́n ti rẹ́ ilé tán, tí wọ́n ti lẹ táìlì, wọ́n ní láti fọ́ ògiri, kí wọ́n pààrọ̀ líńtẹ̀lì, ìyẹn kọnkéré tó wà lókè ìlẹ̀kùn, kí wọ́n tún rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìta ni ìlẹ̀kùn náà gbọ́dọ̀ máa ṣí sí. Bí ó bá ń ṣí sínú, yóò jẹ àyè tí kẹ̀kẹ́ yẹ kó fi yí, bí ẹni tó wà nínú bá sì ṣubú, ara rẹ̀ ni yóò dí ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn tó fẹ́ gbà á là. Bèbè sìmẹ́ńtì kékeré tí àwọn bíríkìlà fẹ́ràn láti mọ sí ẹnu ọ̀nà, kí omi má bàa ṣàn jáde, gbọ́dọ̀ kúrò pẹ̀lú. Kí wọ́n kúkú jẹ́ kí ilẹ̀ yàrá náà rọra da orí kọ ihò omi.

Nínú ilé, iṣẹ́ tó ṣòro jù ni kí ènìyàn kúrò lórí kẹ̀kẹ́ bọ́ sórí àwo, ó sì yẹ kí ẹni tó ń ya àwòrán ilé ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é rí kó tó fa ìlà kankan. Ẹni náà yóò wa kẹ̀kẹ́ sẹ́bàá àwo títí tí ìjókòó méjèèjì yóò fi fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Yóò fi bíréèkì sí i. Yóò yọ apá kẹ̀kẹ́ tó wà níhà ọ̀dọ̀ àwo, yóò fi ọwọ́ kan tẹ ìjókòó kẹ̀kẹ́, yóò na ọwọ́ kejì mú irin tó wà lára ògiri, yóò sì gbé ìdí rẹ̀ sókè fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tí gbogbo ìwúwo rẹ̀ wà lórí apá méjèèjì, kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí àwo. Kó tó ṣe gbogbo èyí, ó ti gbọ́dọ̀ rí àyè yí kẹ̀kẹ́ náà po, ìyẹn àyè róbótó tó fẹ̀ tó mítà 1.5 láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì.

Bí àwo bá wà láàárín yàrá tóóró, tí ògiri wà lọ́tùn-ún àti lósì, kò sí ibi tí kẹ̀kẹ́ yóò wà. Ìdí nìyí tí ìlànà Amẹ́ríkà fi ní kí wọ́n gbé àwo súnmọ́ ògiri kan, tí àárín àwo yóò fi wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 41 sí 46 sí ògiri náà, kí ẹ̀gbẹ́ kejì sì ṣófo gbalaja. Ìjókòó àwo gbọ́dọ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 43 sí 48, kó lè dọ́gba pẹ̀lú ti kẹ̀kẹ́, nítorí pé ẹni tó bá ti já bọ́ sórí àwo tó rẹlẹ̀ yóò ní láti fa ara rẹ̀ gòkè padà nígbà tó bá ṣetán.

Irin ìdìmú ni iṣẹ́ àfojúdá pọ̀ sí jù. Ó yẹ kó ga ní sẹ̀ǹtímítà 84 sí 91 sílẹ̀, kó sì lè gba agbára tó tó ìwúwo kílógírámù 113 láì mì. Irin tí wọ́n ń fi aṣọ ìnura kọ́ kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí láéláé, síbẹ̀ òun ni wọ́n sábà máa ń rà ní ọjà, nítorí pé ó ń dán, kò sì wọ́n. Ìṣòro kejì wà nínú ògiri fúnra rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù oníhò ni a fi ń kọ́lé, bí wọ́n bá sì de irin mọ́ ibi tó ní ihò nínú, síkúrúù yóò fà yọ ní ọjọ́ tí ẹni tó sanra bá kọ́kọ́ gbára lé e. Bíríkìlà tó mọ iṣẹ́ yóò ti fi kọnkéré dí ihò àwọn búlọ́ọ̀kù tí irin yóò wà kó tó rẹ́ ògiri. Bí ilé bá ti parí, kí wọ́n ri páìpù irin mọ́lẹ̀ nínú kọnkéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, kí wọ́n sì tún dè é mọ́ ògiri lókè.

Gbogbo ìwọ̀n tí mo ti kà sílẹ̀ yìí wá láti ìlú tí omi ti ń ṣàn nínú páìpù, èyí sì ni ibi tí a kò ti gbọdọ̀ da àwòrán wọn kọ láìronú. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà níbí, dúrọ́ọ̀mù ló wà níta, garawa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, oníkálùkù ni yóò sì pọn omi tirẹ̀ wọlé. Ọwọ́ méjèèjì ni ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ fi ń yí táyà. Ọwọ́ wo ni yóò fi gbé garawa? Ẹni tó ń fi ọ̀pá abíyá rìn wà nínú ìṣòro kan náà. Bí kò bá sí omi nínú yàrá náà, irin, ìlẹ̀kùn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti àyè mítà 1.5 di òfo. Ohun àkọ́kọ́ tí owó yẹ kó bá ni táńkì kan tó wà lókè, tí omi kànga dẹ̀rọ yóò máa sọ̀ kalẹ̀ láti inú rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ àwo, níbi tí ẹni tó jókòó ti lè na ọwọ́ kàn án láì tún dìde. Bí agbára kò bá gbé táńkì, kí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì ńlá tó ní ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀ lé orí pẹpẹ búlọ́ọ̀kù nínú yàrá náà, kí olùtọ́jú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ máa rọ omi kún un láràárọ̀. Kí ẹnu ẹ̀rọ náà jẹ́ èyí tí wọ́n ń tẹ̀ tàbí tí wọ́n ń gbé sókè, má ṣe jẹ́ èyí tí wọ́n ń lọ́, nítorí pé ìka tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú le kò lè lọ́ nǹkan.

Síńkì ìfọwọ́ tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nínú àwòrán tí wọ́n ń lò ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, síńkì kékeré kan máa ń wà níbi tí ọwọ́ ti lè tó o láti orí àwo. Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ ló lè sọ ìdí rẹ̀: ọwọ́ tó fi ṣan ìdí náà ni yóò fi di táyà mú, táyà yẹn náà ni yóò sì dì mú títí yóò fi délé. Ó gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ kó tó kúrò lórí àwo.

Fún afọ́jú, kí nǹkan wà lójú kan náà nígbà gbogbo, kí ilẹ̀ má yọ̀, kí ohunkóhun má sì yọrí jáde lára ògiri níbi tí ọ̀pá funfun kò ti lè kàn án. Àwọn tí ojú wọn ń ríran bàìbàì kì í rí àwo funfun lórí táìlì funfun. Kí irin àti ìjókòó àwo ní àwọ̀ tó yàtọ̀. Adití kò ní gbọ́ bí ẹnì kan bá ń kan ìlẹ̀kùn, ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ohun ìtìlẹ̀kùn máa fi àwọ̀ pupa hàn níta pé ènìyàn wà nínú ilé, kí wọ́n yé já wọlé bá a.

Ọ̀pọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ya ti ọkùnrin sọ́tọ̀ sí ti obìnrin, wọn a sì wá fi yàrá aláàbọ̀ ara sí inú ọ̀kan nínú méjèèjì tàbí sínú àwọn méjèèjì. Àṣìṣe ni, lójú tèmi. Aláàbọ̀ ara tó nílò ìrànlọ́wọ́ kì í yan ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́ nítorí pé wọ́n jọ jẹ́ akọ tàbí abo. Ìyàwó ló ń ran ọkọ lọ́wọ́, ọmọkùnrin ló ń gbé ìyá rẹ̀. Bí yàrá náà bá wà nínú ti obìnrin, ariwo ni wọn yóò fi lé ọmọkùnrin náà jáde. Kí yàrá náà dá dúró, kí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú síta, kó sì gba ènìyàn méjì. Kí ohun tí wọ́n lè ju páàdì sí wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé obìnrin ni ìdajì àwọn tí a ń sọ̀rọ̀ wọn. Àwọn kan wà tí wọn kò lè jókòó lórí àwo rárá, bí ọ̀dọ́ tí ọpọlọ rẹ̀ kò lè darí ara rẹ̀ láti ìgbà ìbí, tí ìyá rẹ̀ ṣì ń pààrọ̀ ìlédìí fún. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2006 ni wọ́n ti ń polongo yàrá ńlá tó ní ibùsùn àti ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn sókè. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021 ni ó ti di dandan fún àwọn ilé ńlá kan tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ní England. A kò ní ẹ̀rọ yẹn, ṣùgbọ́n pákó tó lágbára, tí wọ́n dè mọ́ ògiri, tó gùn tó àgbàlagbà, kò kọjá agbára káfíńtà kankan ní Lágere, ìyá náà kò sì ní tẹ́ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́.

Níbi tó jẹ́ ṣáláńgá ni agbára ká, kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ti tán. Wọ́n lè fi búlọ́ọ̀kù mọ ìjókòó sókè yí ihò náà ká, kí wọ́n fi pákó dídán tàbí ìjókòó oníke lé e lórí, kí wọ́n sì ri òpó igi méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ìdìmú. Àwọn tí orúnkún ń dùn yóò jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú.

Ilé-Ifẹ̀ ni ìlú tí ìtàn ti sọ pé Ọbàtálá ló mọ ènìyàn, tí wọ́n sì ń pe àfín, abuké àti arọ ní ẹni òrìṣà, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yà mí lẹ́nu pé nínú ìlú yìí kan náà ni a ti ń ná owó sórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ẹni òrìṣà kò lè wọ̀. Bí ọdún Ọlọ́jọ́ bá dé, tí èrò kún Ẹnuwá bámúbámú, ó yẹ kí àwọn tó ń gbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alágbèérìn wá ti gbé èyí tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí kò ní àtẹ̀gùn, kún un.

Nípa òfin, ó yẹ kí a mọ ibi tí ó ti ń mú àti ibi tí kò mú. Òfin ọdún 2019 sọ pé ọ́fíìsì ìjọba kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí àwòrán ilé tí ará ìlú yóò máa wọ̀ bí kò bá fi àyè sílẹ̀ fún aláàbọ̀ ara. Òṣìṣẹ́ tó bá fọwọ́ sí i lè san owó ìtanràn tí kò dín ní 1,000,000 náírà, tàbí kó lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, tàbí méjèèjì. Apá yìí ló wù mí jù nínú òfin náà, nítorí pé ó mú ẹni tó di bírò mú, kò dúró di ìgbà tí ilé bá parí. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti dájọ́ ní ọdún 2003 pé ọ̀rọ̀ ètò ìlú àti ìfọwọ́sí àwòrán ilé wà lábẹ́ àṣẹ ìpínlẹ̀. Nítorí náà, ọ́fíìsì ètò ìlú ti ìpínlẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà, kò sí ní Àbújá, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara kò sì lè máa wo àwòrán gbogbo ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Ifẹ̀ àti Iléṣà.

Ètò ìjọba àpapọ̀ láti fòpin sí ṣíṣe ìgbọ̀nsẹ̀ ní gbangba náà kan ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni wọ́n fi àṣẹ Ààrẹ gbé e kalẹ̀, tí wọ́n sì fi ọdún 2025 ṣe gbèdéke. Nígbà tí wọ́n ka iye àwọn tó ṣì ń lọ sínú igbó ní ọdún 2021, wọ́n tó 48 mílíọ̀nù. Lójú ètò bẹ́ẹ̀, iye ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n kọ́ ni wọ́n ń kà, ó sì rọrùn láti kọ́ mẹ́wàá tóóró ju kí wọ́n kọ́ mẹ́jọ tí méjì nínú wọn fẹ̀.

Ohun tó ń ba èyí tí wọ́n tilẹ̀ kọ́ dáadáa jẹ́ ni àgádágodo. Nítorí pé yàrá náà fẹ̀, tí ẹni tó ń lò ó kò sì pọ̀, láìpẹ́ ni ìgbálẹ̀, garawa àti àpò sìmẹ́ńtì tó ṣẹ́kù yóò wọ ibẹ̀, wọn yóò sì tì í pa. Kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ti lọ jẹun. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1981 ni wọ́n ti ń lo kọ́kọ́rọ́ kan náà tó ń ṣí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ aláàbọ̀ ara káàkiri, tí aláàbọ̀ ara fúnra rẹ̀ ń fi sápò. Kò sí ohun tó ní kí ẹgbẹ́ àwọn aláàbọ̀ ara ní Ifẹ̀ má lè bá àwọn ìyálọ́jà àti ìjọba ìbílẹ̀ jókòó, kí wọ́n ra àgádágodo irú kan náà fún gbogbo ọjà, kí wọ́n sì pín ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí wọn kò bá fẹ́ wàhálà yẹn, kí wọ́n fi yàrá náà sílẹ̀ ní ṣíṣí fún gbogbo ènìyàn, àgbàlagbà àti aboyún pẹ̀lú. Yàrá tí ènìyàn ń lò lójoojúmọ́ kì í di ilé ẹrù.

Ibi tí mo rò pé ìjọba ìbílẹ̀ ti lágbára jù ni ọjọ́ tí agbaṣẹ́ṣe tó kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà bá fẹ́ gba owó tó kẹ́yìn. Kí wọ́n má fọwọ́ sí ìwé yẹn títí wọn yóò fi pe ènìyàn mẹ́ta wá: ẹnì kan tó ń lo kẹ̀kẹ́, afọ́jú kan, àti ìyá àgbà kan tí orúnkún ń dùn. Kí wọ́n san owó ọkọ̀ wọn àti owó iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bẹ̀rẹ̀ láti etí gọ́tà, kí ó wọlé, kí ó ti ìlẹ̀kùn, kí ó jókòó, kí ó fi omi ṣan ara, kí ó fọ ọwọ́, kí ó sì jáde láì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Kí agbaṣẹ́ṣe náà dúró síta pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n rẹ̀ títí wọn yóò fi ṣe tán, ohunkóhun tí wọ́n bá sì ní kò bá wọn lára mu, kí ó tún un ṣe kí owó tó jáde.